Ìṣẹ́jú Àáyá Mọ́kànlélógójì

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní òpópónà Kendall,
àtẹ́lẹwọ́ kan bo ojú kámẹ́rà tó wà láyà ọlọ́pàá.
Ọ̀rọ̀ bá di ẹrù rẹ̀, ó ṣí lọ sínú etí.

Etí yẹn, tèmi ni.
Èmi Lorna Pruski, opó, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
nínú yàrá tí kò ní fèrèsé lábẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá,
ní ìlú kékeré létí adágún Erie
níbi tí yìnyín ti ń jókòó lórí ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún.
Mo ń gbọ́, mo ń tẹ̀. Mo ń gbọ́, mo ń tẹ̀.
Ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ìwé tí ọlọ́pàá Hollis Brandvold kọ sọ pé
ọmọ náà kó ọwọ́ bọ àpò, ó ṣe bí ẹni fẹ́ jà.
Ìwé kò mọ ìtìjú; ohun tí a bá kọ sí i lára ló ń gbà.
Fídíò ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì.
Ó ṣókùnkùn, àmọ́ kò yadi.

Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ṣubú,
táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí lófurufú, kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ,
bí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé ìrìn àjò ti parí.
Mo gbọ́ kóńdó lára eegun: gbì.
Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.
Mo gbọ́ Amari Tolliver, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn ìyá àgbà mi ni. Oògùn ni. Ẹ wò ó."
Kò sẹ́ni tó wò ó.
Ọlọ́pàá kejì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré: "Hollis, ó tó."
Lẹ́yìn ìyẹn, táyà nìkan.

Mo mọ Hollis o.
Lóṣù Kínní, nígbà tí yìnyín dí ilẹ̀kùn mi pa,
òun ló gbé ṣọ́bìrì wá kí ilẹ̀ tó mọ́.
Kò kan ilẹ̀kùn, kò dúró gba ọpẹ́,
ipa bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rí.
Ọwọ́ yẹn náà ni. Ọwọ́ kan náà.
Ẹ bá mi wá ibi tí n ó gbé e sí.

Sájẹ́ńtì Whitcomb fi ìdí lé etí tábìlì mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
"Lorna, ibi tó ṣókùnkùn yẹn,
kọ ọ́ pé ohùn kò ṣe kedere.
Ó ku oṣù mẹ́jọ péré tí wàá fẹ̀yìn tì."
Ó gbé ife kọfí mi sókè, ó tún gbé e padà síbi tó wà.
Ọ̀rọ̀ tútù ni, ṣùgbọ́n ó ní eyín.

Ohùn kò ṣe kedere.
Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti tẹ̀ ẹ́?
Nígbà mìíràn òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọkọ̀ ń kọjá.
Nígbà mìíràn ebi ń pa mí, mo fẹ́ lọ sílé.
Nígbà mìíràn, kí n má tún purọ́ lé irọ́,
mo gbọ́ ọ kedere bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà.
Níbí, kò tilẹ̀ dé ọjà.
A dá a dúró lójú ọ̀nà, a ní kó káwọ́ lérí,
a tú àpò rẹ̀, a bá oògùn.

Nígbà tí olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù Fontenot agẹrun,
àga ló gbé, ó jókòó sáàárín gíláàsì títí ilẹ̀ fi mọ́.
Tẹlifóònù wà lápò rẹ̀.
Kò pe ẹnikẹ́ni.

Mo tẹ̀ ẹ́.
Gbì, ẹ̀ẹ̀mejì, mo tẹ̀ ẹ́.
Oògùn ìyá àgbà, mo tẹ̀ ẹ́.
Táyà náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́: kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ.
Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
mo fi í ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ará ìlú.

Lóru, yìnyín tún rọ̀, ó ga tó orúnkún.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ipa bàtà kankan lẹ́nu ọ̀nà mi.
Mo wá ṣọ́bìrì ọkọ mi olóògbé jáde,
mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi àtẹ̀gùn.